Jẹjẹrẹ ọmú: Ẹ má bi dókítà ní "stage mélòó?" nìkan, ẹ bi í ní "irú wo ni?"

Bí dókítà bá ti lè sọ pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́mú obìnrin kan, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, "Ó ti dé stage mélòó?" Èyí tó máa tẹ̀ lé e ni, "Èló ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́?" Ìbéèrè méjèèjì dáa. Àmọ́ ìbéèrè kẹta kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í bèèrè rárá, òun gan-an ló sì máa sọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn máa jẹ owó lásán: "Irú jẹjẹrẹ wo ni?"

Torí pé jẹjẹrẹ ọmú kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin méjì wà ládùúgbò kan náà ní Ìkòròdú, àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni ọdún 45, kókó wọn sì tóbi bákan náà. Oògùn oníhóró kékeré kan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè gba ẹ̀mí ẹni àkọ́kọ́ là, kó má sì ṣe nǹkan kan fún ẹnì kejì. Dókítà ò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó mọ̀. Scan ò lè sọ ọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe fún ẹran tí wọ́n gé níbi kókó náà nìkan ló lè sọ ọ́. Lórí ìwé èsì, bẹ́ ẹ ṣe máa rí i nìyí: ER, PR, HER2.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń ka ìròyìn níbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé fáìlì tẹ̀ lé mọ́mì tàbí àǹtí lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe transfer, ẹ̀yin lẹ máa ń ya fọ́tò èsì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. GLOBOCAN, ìyẹn àkójọ iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ kárí ayé, fojú bù ú pé lọ́dún 2022, obìnrin tó lé ní 32,000 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn ní Nàìjíríà, àwọn tó lé ní 16,000 ló sì kú. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ kan, tí kò bá tíì dé.

Kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo

Ara obìnrin máa ń ṣe họ́mọ́ónù kan tí wọ́n ń pè ní estrogen. Òun ló ń mú kí ọmú yọ nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bàlágà, ó sì lọ́wọ́ nínú nǹkan oṣù. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá lọ káàkiri ara, àmọ́ kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń dá a lóhùn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní receptor rẹ̀ nìkan ni. Ẹ rò ó bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Estrogen ni kọ́kọ́rọ́, receptor ni àgádágodo tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, tó sì yí, sẹ́ẹ̀lì á gbàṣẹ pé kó máa pọ̀ sí i.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọmú bá wá di jẹjẹrẹ, àgádágodo yẹn ṣì máa ń wà nínú àwọn kan. Estrogen tó wà lára obìnrin náà ló ń bọ́ wọn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ER positive. PR ni ti progesterone, họ́mọ́ónù kejì, ó sì sábà máa ń bá ER rìn. HER2 ò sí lára ọ̀rọ̀ họ́mọ́ónù. Protein kan ni tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì, tó bá sì ti pọ̀ jù, á máa ti sẹ́ẹ̀lì náà láti pọ̀ kíákíá. Àmọ́ wọ́n jọ máa ń yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ni, torí HER2 náà ní oògùn tiẹ̀, trastuzumab, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Herceptin. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Jẹjẹrẹ tí kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè ní triple negative, chemo ló sì sábà máa ń jẹ́ oògùn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fura sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1896, dókítà ará Scotland kan, George Beatson, kọ̀wé pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti burú gan-an, kókó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Kò lè ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì mọ estrogen nígbà yẹn. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn kí Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago tó fi hàn pé receptor wà lóòótọ́. Láàárín àkókò yẹn náà, lọ́dún 1962, Dora Richardson tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ICI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì po oògùn kan nínú ètò tí wọ́n fi ń wá oògùn tó máa dènà oyún. Oògùn náà ò dènà oyún. Wọn ì bá ti dà á nù. Tamoxifen ni.

Ohun tó ń ṣe ò le yé. Á lọ kó sínú ihò àgádágodo yẹn, á jókòó síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gidi ò ní ríbi wọlé. Fún obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ ER positive, tí wọ́n sì tètè rí i kó tó tàn kálẹ̀, lílo tamoxifen fún ọdún márùn-ún máa ń dín ewu pé àìsàn náà máa pa á láàárín ọdún 15 kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn tó pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá fi owó ẹ̀ wé ti chemo tàbí ti Herceptin, ẹ máa rí i pé kò tó nǹkan. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró pátápátá, àwọn bí anastrozole àti letrozole tún wà, tí wọ́n ń dín estrogen fúnra rẹ̀ kù lára.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí gym lè ti gbọ́ "Nolva" lẹ́nu àwọn kan tó ń lò ó kí àyà wọn má bàa yọ bí ọmú. Nolvadex, òun náà ni tamoxifen. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lò láìrí dókítà, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan.)

Fún obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ò ní receptor kankan ńkọ́? Tamoxifen ò ní ṣe é lóore kankan. Ọdún márùn-ún ni yóò fi máa fara da ooru tó ń mú u lójijì àti ewu ẹ̀jẹ̀ dídì, lórí asán. Èyí tó burú jù níbẹ̀, lójú tèmi, ni òdì kejì ẹ̀: kí obìnrin kan ní receptor, kí èsì àyẹ̀wò wá sọ pé kò ní. Dókítà ò ní kọ tamoxifen fún un. Ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́ sọ nù.

24 àbí 65?

Ẹ lè máa rò pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ò lè wọ́pọ̀. Ẹ gbọ́ èyí ná.

Lọ́dún 2008, Clement Adebamowo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin Nàìjíríà 192. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí 65 nínú 100 ló jẹ́ ER positive. Nígbà tó di 2009, ìwádìí mìíràn jáde lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Senegal. Olufunmilayo Olopade wà nínú àwọn tó ṣe é, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1980, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, tó sì gba ẹ̀bùn MacArthur lọ́dún 2005. Àwọn yìí rí 24 péré nínú 100. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 2003, ìwádìí kan láti Calabar náà ti sọ 24.

Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tó. Tó bá jẹ́ 65 ni, oògùn oníhóró yẹn wúlò fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn obìnrin wa. Tó bá jẹ́ 24 ni, kò wúlò fún mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Èyí 24 yẹn ló ràn jù. Kò pẹ́ tó fi di nǹkan táwọn èèyàn kàn ń sọ pé jẹjẹrẹ àwa aláwọ̀ dúdú kì í gbọ́ oògùn họ́mọ́ónù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Triple negative wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ju tàwọn òyìnbó lọ. Ní Amẹ́ríkà, ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì tàwọn aláwọ̀ funfun. Ọjọ́ orí àwọn tó ń ní in níbí náà kéré: ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé 50.

Àmọ́ lọ́dún 2014, Amanda Eng àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri Áfíríkà jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú PLoS Medicine. Wọ́n ya àwọn tó lo ẹran tí wọ́n gbà nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ sọ́tọ̀, wọ́n sì ya àwọn tó lọ kó ẹran àtijọ́ láti orí pẹpẹ lábù sọ́tọ̀. Èyí tó lo ẹran àtijọ́ fi nǹkan bí 10 nínú 100 kéré sí èkejì. Nígbà tí wọ́n wá wo ti ẹran tí wọ́n gbà nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, nǹkan bí 59 nínú 100 ló jẹ́ ER positive, 21 ló jẹ́ triple negative.

Àwọn ìdí mìíràn náà wà tí iye ṣe ń yàtọ̀: ọjọ́ orí àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, bí àìsàn wọn ṣe le tó, ibi tí lábù kọ̀ọ̀kan pa ààlà sí láàárín positive àti negative. Ṣùgbọ́n ìwádìí 2014 yẹn fi ọ̀rọ̀ kan hàn kedere: lára ohun tí wọ́n ń pè ní "negative" níbí, àwọn kan wà tí kì í ṣe ti ara obìnrin náà. Ọwọ́ tí wọ́n fi tọ́jú ẹran tí wọ́n gé ló fà á.

Ẹran tí wọ́n gé dà bí ẹja Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ti lọ sọ́jà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé látìgbà tí ẹja bá ti jáde lómi ni àkókò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ìyá tó ń tà á níbẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Bí ẹran jẹjẹrẹ ṣe rí náà nìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń fà á jáde lára, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn protein inú ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Receptor wà lára àwọn protein yẹn.

Formalin ló máa ń dá ìbàjẹ́ yẹn dúró, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ torí pé wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Ìlànà táwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé jáde, tí lábù káàkiri ayé sì ń tẹ̀ lé, ni pé kí ẹran náà wọ formalin láàárín wákàtí kan, kó má lò dín ní wákàtí 6 nínú rẹ̀, kó má sì ju 72 lọ. Omi lásán ò lè rọ́pò rẹ̀. Omi drip ò lè rọ́pò rẹ̀. Kí formalin náà sì pọ̀ dáadáa, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tó wà nínú ìgò.

Lẹ́yìn náà ni lábù á fi ìda bò ó, kó lè dì gbagidi bí àbẹ́là. Èyí ni wọ́n ń pè ní block. Wọ́n á wá bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á sì da antibody tó ń wá ER nìkan sí i. Níbi tí antibody bá ti rí ER, aró tí wọ́n fi sí i á di àwọ̀ ilẹ̀. Pathologist á wá fi microscope wò ó, á sì ka iye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó gba aró. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú 100 péré ló gbà á, ER positive ló ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á kọ "low positive" sí èyí tí kò bá kọjá 10.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Nínú ẹran kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmú tí kò ní àìsàn sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ náà, àwọn yẹn sì máa ń ní ER. Tí àwọn náà ò bá gba aró, a jẹ́ pé àyẹ̀wò ló kùnà. Pathologist tó mọṣẹ́ ò ní kọ "negative" síbẹ̀. Á ní kí wọ́n tún un ṣe.

Láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wá ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo lábù ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n ń pè ní immunohistochemistry, IHC ní kúkúrú. Wọ́n lè gba ẹran náà lára aláìsàn nílé ìwòsàn tó sún mọ́lé, kí wọ́n wá gbé e lọ sí lábù ńlá. Níbi púpọ̀, ẹbí aláìsàn gan-an ni wọ́n máa ń gbé ìgò náà lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ. Aláìsàn fúnra ẹ̀ lè padà gba ìtọ́jú ní LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2019.

Láti Ìkòròdú, ẹ mọ Mile 12, ẹ mọ Kétu, ẹ mọ Ọ̀jọ́ta. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ lè gba Àjáh, ẹ sì lè gba Ìtòìkín já sí Ìkòròdú kẹ́ ẹ wá bá Mile 12 kan náà pàdé. Àwọn èèyàn máa ń rò pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló máa ba ẹran náà jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wà nínú formalin tó pọ̀ tó, wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ rárá: formalin tí kò sí nílẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹnì kan sáré lọ rà, tàbí odindi ọmú tí wọ́n jù sínú ike kékeré láì là á. Formalin kì í yára wọnú ẹran. Ara ẹ̀ lóde á ti gbà á, àárín á ṣì máa bàjẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá gé, èyí tí wọ́n ń pè ní core biopsy, fi dáa jù fún àyẹ̀wò yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà tún wà. Tí wọ́n bá gé e lọ́sàn-án Jímọ̀, tí lábù ò ṣí títí di Mọ́ńdè, tí Mọ́ńdè sì lọ bọ́ sí ìsinmi ìjọba, wákàtí 72 ti kọjá nìyẹn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n lè wò yín bíi pé ẹ ti ń ṣe ìmọ̀ràn jù. Ẹ fara dà á.

Kẹ́ ẹ tó gbéra pẹ̀lú ìgò, ẹ wò ó bóyá orúkọ aláìsàn wà lára rẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kọ aago tí wọ́n gé e àti aago tó wọ formalin. Ẹ má gbé e sínú fíríísà.

Owó ni ìṣòro kejì, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń dúró. Histology, tó ń sọ bóyá jẹjẹrẹ ni, ní owó tiẹ̀. IHC ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èèyàn á san ti àkọ́kọ́, á gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, á wá ní kí ni wọ́n tún fẹ́ wò. Owó tó kù á lọ sórí chemo. Àwọn kan ń gba oògùn báyìí láìmọ irú àìsàn tí wọ́n ń bá jà. Nítorí náà, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé lẹ ti máa bèèrè: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó tá a san yìí kan ER, PR àti HER2, àbí histology nìkan ni?" Tí mọ́mì bá wà lórí ètò ìlera Ilera Eko, ẹ bèèrè ohun tó máa gbé níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó lápò yín.

Tí èsì bá dé, ẹ má kàn wá "positive" tàbí "negative" níbẹ̀. Ẹ wo iye nínú 100 tí wọ́n kọ síwájú ER àti PR. Ní ti HER2, 0 àti 1+ jẹ́ negative, 3+ jẹ́ positive. 2+ ò tíì jẹ́ ìkankan. Àyẹ̀wò mìíràn, FISH, ló máa parí ẹjọ́ yẹn. Tí ER bá jẹ́ 0 tí PR wá ga, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n tún un wò, torí àwọn méjèèjì kì í sábà yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé tamoxifen ni wọ́n kọ fún mọ́mì, ọdún márùn-ún ni o, ó tiẹ̀ lè tó mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ tí ara bá ti yá, tàbí tí ooru bá dà wọ́n láàmú. Ẹni tó bá lè lóyún ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oyún dúró nígbà tó bá ń lò ó. Tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún ń yọ, kó sáré rí dókítà, torí oògùn náà lè kan ilé ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀.

Block tó wà ní lábù yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó sọ nù. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú èsì. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èsì àkọ́kọ́ bá sì ń ṣeni ní kàyéfì, lábù mìíràn lè bẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ kó tún un yẹ̀ wò, láì tún fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Tí jẹjẹrẹ náà bá wá padà yọ níbòmíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bóyá nínú egungun tàbí ẹ̀dọ̀, tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gé tuntun níbẹ̀, kí wọ́n sì tún ER, PR àti HER2 ṣe, torí èyí tó jẹ́ positive nígbà àkọ́kọ́ lè ti yí padà.